Ẹ Gbé Irin Yẹn Padà Síwájú: Lẹ́tà Ṣíṣí sí Ọ̀gá Onítáàkò

Ọ̀gá mi,

Ẹ kú iṣẹ́, ẹ kú ìnáwó, ọjà á tà o. Ẹ kò mọ̀ mí, kò sì pọn dandan kí ẹ mọ̀ mí. Ọ̀kan nínú àwọn tó ń tò síwájú kántà yín lọ́sàn-án ni mí, àwọn tó máa ń gbé tíréè kiri gbàgede oúnjẹ, tí ojú wọn á máa wá àga tó ṣófo láàárín ariwo àti òórùn oúnjẹ oríṣiríṣi. Mo fẹ́ràn táàkò yín, oúnjẹ àwọn ará Mẹ́síkò yẹn, ìdí tí mo fi ń kọ̀wé nìyẹn. Ẹni tí oúnjẹ yín kò bá bá lẹ́nu mu kò ní fi àsìkò ẹ̀ ṣòfò. Ṣọ́ọ̀bù tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ yín ni yóò yà sí, ọ̀rọ̀ á sì parí.

Ohun kan ṣoṣo ni mo wá bá yín sọ, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ó ní ẹ̀ka. Láti ìgbà tí ẹ ti tún ibẹ̀ ṣe, tí ẹ gbé irin tí wọ́n fi ń yan tọtíyà, ìyẹn búrẹ́dì pẹlẹbẹ tí wọ́n ń ká ẹran sí kó tó di táàkò, lọ sẹ́yìn ògiri, tí ẹ sì fi àwọn ojú ẹ̀rọ tí à ń tẹ̀ rọ́pò àwọn èèyàn tó máa ń bi wá pé kí la fẹ́ jẹ, oúnjẹ yín ti yàtọ̀. Ẹran yẹn náà ṣì ni, ata yẹn náà ṣì ni, àmọ́ a kò rí yín mọ́, ẹ̀yin náà kò sì rí wa. Púpọ̀ nínú ohun tí àwọn oníbàárà ń kùn sí nídìí tábìlì, ibẹ̀ ló ti ṣẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí n ti orí irin yẹn bẹ̀rẹ̀. Comal ni àwọn ará Mẹ́síkò ń pè é. Nígbà tó wà níwájú, obìnrin kan ló máa ń dúró tì í, ọwọ́ ẹ̀ sì mọ iṣẹ́ náà dé góńgó. Á bu ìyẹ̀fun àgbàdo tí wọ́n ti pò, á ká a rọ́bọ́tọ́, á fi ẹ̀rọ ìtẹ̀ tẹ̀ ẹ́ pẹlẹbẹ, á wá fi àtẹ́lẹwọ́ gbà á kó tó tẹ́ ẹ sórí irin. Ẹ̀gbẹ́ kìíní kì í pẹ́ rárá: bí etí ẹ̀ bá ti ń gbẹ, tó gbéra díẹ̀ báyìí, ó ti yí i. Ẹ̀gbẹ́ kejì ló máa ń fi sílẹ̀ díẹ̀ títí àmì dúdú tótòtó á fi hàn lábẹ́. Tó bá wá yí i lẹ́ẹ̀kẹta, á fi ìka méjì tẹ àárín ẹ̀ fẹ́rẹ́, tọtíyà náà á sì wú sókè rọ̀bọ̀tọ̀. Omi inú ìyẹ̀fun tó ti di ooru ló ń wú u bẹ́ẹ̀, ó sì jẹ́ àmì pé inú ẹ̀ ti jinná. Àwọn ọmọdé tó wà lórí ìlà á pariwo. Èmi náà ì bá pariwo, ojú ló ń tì mí.

Nísinsìnyí, inú àpótí oníná kan ni tọtíyà ti ń jáde, ní ìdìpọ̀ ìdìpọ̀. A kò mọ ìgbà tí wọ́n yan án. Àwọn tó wà lókè ti gbẹ, àwọn tó wà nísàlẹ̀ ti rọ̀ pẹ̀tẹ̀, wọ́n ti lẹ̀ mọ́ra. Kì í ṣe àjẹ́ ló ń ṣe é. Sítáàṣì inú àgbàdo máa ń rọ̀ bí iná bá kàn án. Bó bá ti ń tutù, á tún bẹ̀rẹ̀ sí í ṣùpọ̀, á sì le. Tọtíyà àlìkámà lè fara dà á díẹ̀, nítorí pé gluten, èròjà tó ń fà bíi rọ́bà nínú àlìkámà, ń jẹ́ kó fà. Ti àgbàdo kò ní gluten, nítorí náà bí ẹ bá ká a nígbà tó ti tutù, ṣe ló máa là láàárín. Mo rí arákùnrin kan tó wọ ṣẹ́ẹ̀tì funfun, iṣẹ́ ló ṣì ń padà lọ, tí gbogbo omi ọbẹ̀ ata inú táàkò ẹ̀ ṣàn gba ọrùn ọwọ́ wọ inú apá ṣẹ́ẹ̀tì náà lọ dé ìgbọ̀nwọ́. Kò bínú, ó kàn ń wo ọwọ́ ẹ̀ ni.

Ẹ tún ti dín tọtíyà kù sí ẹyọ kan. Méjì kéékèèké tó lé ara wọn ni ọ̀pọ̀ onítáàkò ojú títì ní Mẹ́síkò máa ń lò, kì í sì í ṣe fún àṣehàn. Èyí tó wà nísàlẹ̀ ló ń gbé ẹrù, bí tòkè bá ya, òun ló ń gba ohun tó bá jábọ́. Mo mọ̀ pé owó lẹ ń wò. Ṣùgbọ́n bébà ìnuwọ́ tí à ń fà yọ lórí kántà yín lójoojúmọ́, ó dá mi lójú pé ẹ kò tíì ka iye owó ìyẹn mọ́ ọn.

Ohun tó ń dùn mí jù nínú ọ̀rọ̀ tọtíyà yìí ni iṣẹ́ tó ti wà nídìí ẹ̀ kó tó dé ọ̀dọ̀ yín. Wọ́n á se àgbàdo pẹ̀lú ẹfun tí wọ́n ń rí lára òkúta tí wọ́n ti sun níná, wọ́n á fi í sílẹ̀ sínú omi ẹ̀ mọ́jú, wọ́n á fọ̀ ọ́, èèpo ẹ̀ á bọ́, kí wọ́n tó lọ̀ ọ́. Nixtamal ni orúkọ tí wọ́n ń pe àgbàdo tí wọ́n bá ṣe báyẹn, ọgbọ́n àwọn èèyàn ilẹ̀ náà sì ni, ó ti wà fún ẹgbẹẹgbẹ̀rún ọdún kí òyìnbó tó débẹ̀. Ẹfun yẹn ló ń jẹ́ kí ìyẹ̀fun lè dì mọ́ra, òun náà ló sì ń tú niacin, ọ̀kan lára àwọn fítámì, inú àgbàdo sílẹ̀ fún ara láti lò. Nígbà tí àwọn ará Yúróòpù gbé àgbàdo lọ sílé, wọn kò gbé ọgbọ́n náà dání, bí pellagra, àrùn tí àìtó niacin ń fà, ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í pa àwọn tálákà tí wọn kò rí nǹkan míì jẹ ju àgbàdo lọ nìyẹn. Ẹ ti sanwó fún ìyẹ̀fun tó ti gba gbogbo ọ̀nà yẹn kọjá, ẹ wá jẹ́ kó bàjẹ́ sínú àpótí ní ìgbẹ̀yìn. Ó mà ṣe o.

Mo mọ ohun tí ẹ máa sọ. Ẹ máa ní àyè kò sí, pé ṣọ́ọ̀bù inú gbàgede oúnjẹ kéré, pé àwọn tó ni ilé kò fẹ́ èéfín níwájú. Ti èéfín yẹn, ẹ̀yin lẹ mọ àdéhùn tí ẹ bá wọn ṣe, n kò lè dá sí i. Ṣùgbọ́n ti àyè, ẹ jẹ́ kí n dárúkọ ṣọ́ọ̀bù táàkò kan fún yín, El Califa de León, ní Ìlú Mẹ́síkò. Láti 1968 ló ti wà, ibẹ̀ kò fẹ̀ ju nǹkan bíi mítà mẹ́ta sí mẹ́ta lọ, oríṣi táàkò mẹ́rin péré ni wọ́n ń tà, ìdúró làwọn oníbàárà sì ń jẹun. Ní 2024, Michelin, ìwé atọ́nà tó ń fi ìràwọ̀ dá àwọn ilé oúnjẹ tó dára jù lọ́lá, fún wọn ní ìràwọ̀ kan. Irin gbígbóná wọn wà níwájú gbogbo èèyàn. Àyè tiyín jù bẹ́ẹ̀ lọ, mo ti fi ojú wọ̀n ọ́n.

Ẹ tún lè sọ pé ìlà ló gùn jù, pé nítorí tiwa lẹ ṣe gbé ojú ẹ̀rọ wá. Ó dáa, ẹ jẹ́ ká ṣírò ó. Onímọ̀ ará Amẹ́ríkà kan, John Little, ti fìdí ẹ̀ múlẹ̀ láti 1961 pé iye èèyàn tó wà lórí ìdúró kò ju iye tó ń wọlé ní ìṣẹ́jú kan lọ, tí a bá fi iye ìṣẹ́jú tí ẹnì kọ̀ọ̀kan ń lò níbẹ̀ sọ ọ́ di púpọ̀. Bí irin yín bá lè bójú tó èèyàn méjì ní ìṣẹ́jú kan, tí ogún èèyàn sì ń dúró, ìṣẹ́jú mẹ́wàá ni ẹni tó kẹ́yìn máa lò, ì báà dúró kó tó sanwó, ì báà sanwó tán kó tó dúró. Ẹ̀rọ kò lè yí ìyẹn padà. Ohun tó ṣe ni pé ó ṣí ilẹ̀kùn sílẹ̀ gbayawu: gbogbo èèyàn ń tẹ ohun tí wọ́n fẹ́, owó ń wọlé, àmọ́ ọwọ́ tó ń yan tọtíyà kò pọ̀ sí i. Tẹ́lẹ̀, ẹni tó bá rí i pé ìlà gùn lè wò ó kó sì máa lọ jẹ́ẹ́jẹ́ ẹ̀. Ní báyìí, a ti sanwó, a ti di ẹrù yín, a kàn ń dúró bìrìbìrì síwájú ibi tí wọ́n ti ń pe nọ́ńbà, a ń wo ẹ̀yìn ògiri.

Ìdúró tí èèyàn kò rí ìdí ẹ̀ sì máa ń gùn ju èyí tó rí ìdí ẹ̀ lọ. Nígbà tí irin wà níwájú, a rí i pé ẹni mẹ́ta ló ṣíwájú wa, a rí ọwọ́ tó ń ṣiṣẹ́, ìran náà tó wò. Kò sẹ́ni tó ń wo aago.

Láti inú ìkánjú yìí náà ni ìṣòro kejì ti jáde. Kí nọ́ńbà lè máa yára jáde, àwọn òṣìṣẹ́ yín ti ń to táàkò sílẹ̀ kí a tó bèèrè. Ẹran wà nínú abọ́ irin lórí ooru látàárọ̀. Ẹ kò lè dín ooru yẹn kù, nítorí òfin ìlera ní ọ̀pọ̀ ibi ni pé kí oúnjẹ gbígbóná má ṣe wálẹ̀ ju nǹkan bí ìwọ̀n 60 lọ lórí òṣùwọ̀n Celsius. Bó bá wálẹ̀, kòkòrò àìfojúrí á bẹ̀rẹ̀ sí í bí síi. Ẹ kò sì lè fi í sílẹ̀ pẹ́ níbẹ̀, nítorí ṣe ló ń gbẹ lọ, títí á fi le tantan. Ọ̀nà àbáyọ kan náà tí gbogbo alásè mọ̀ ni pé kí wọ́n máa sè é díẹ̀díẹ̀, léraléra. Ìyẹn gba ẹni tó ń wo ìlà, tó mọ̀ pé èrò ti ń pọ̀ tàbí pé ó ti ń fà sẹ́yìn. Ẹni tó wà lẹ́yìn ògiri kò lè wo ìlà. Ojú lalákàn fi ń ṣọ́rí, ẹ̀yin sì ti fi ògiri dí i lójú.

Táàkò tó le, èyí tí wọ́n dín, tó ń dún kẹ̀rẹ̀kẹ̀rẹ̀ lẹ́nu, òun ló jìyà jù. Àwọn kan máa ń bú u pé ayédèrú ni, pé àwọn ará Amẹ́ríkà ló hùmọ̀ ẹ̀. Àríyànjiyàn òfo nìyẹn. Juvencio Maldonado, ọmọ Mẹ́síkò tó ní ilé oúnjẹ ní New York, ló gba ìwé ẹ̀tọ́ ìhùmọ̀ ní 1950 lórí ohun èlò tí wọ́n fi ń dín tọtíyà bẹ́ẹ̀, ó ku ọdún méjìlá kí Glen Bell, ará Amẹ́ríkà, tó ṣí Taco Bell, ilé oúnjẹ alátáàkò rẹ̀, àkọ́kọ́ ní Downey, ní California. Èmi fẹ́ràn ẹ̀, n kò sì ní tọrọ àforíjì lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Ṣùgbọ́n àǹfààní kan ṣoṣo tó ní ni pé ó ń dún. Bí ẹ bá kó ẹran gbígbóná sínú ẹ̀, tí ẹ fi sínú páálí, tí ẹ pa ìdérí ẹ̀ dé, tí a wá dúró títí nọ́ńbà fi kàn wá, ooru á ti rẹ ẹ́. Ìgbà tí mo bá ṣí i, ó ti dákẹ́. Ẹ má pa páálí yẹn dé. Ẹ má sì fi ẹran sí i títí oníbàárà á fi dé iwájú yín. Kò ná yín ní kọ́bọ̀.

Mo fẹ́ sọ̀rọ̀ lórí àwọn òṣìṣẹ́ yín náà, kí ẹ má baà ka lẹ́tà yìí tán kí ẹ lọ máa jágbe mọ́ wọn. Wọn kò ṣe nǹkan kan. Ọmọdébìnrin tó ń pe nọ́ńbà yẹn, ẹnu gbogbo wa ló ń gbà lójoojúmọ́, lórí ohun tí kò mọ ọwọ́ kò mọ ẹsẹ̀. Ẹnì kan ní kí wọ́n má fi àlùbọ́sà sí i, ẹ̀rọ kọ ọ́ sára rìsíìtì ní lẹ́tà kékeré, ẹni tó wà lẹ́yìn kò rí i, òun tó wà níwájú ló ń gba ìbínú. Nígbà tí wọ́n ń ṣe é lójú wa, à ń nawọ́ ni: “Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi ìyẹn sí i.” Ó tán. Ẹni tó bá sì fẹ́ mọ ibi tó yẹ kí irin náà wà tí iṣẹ́ á fi yá, kó bi obìnrin tó ń yan tọtíyà. Ó mọ̀ ọ́n ju ẹni tó ya àwòrán kántà tuntun yẹn lọ.

Ó ku ohun tí ẹ kọ sára pátákó. Ẹ kọ al pastor, orúkọ irú táàkò kan, síbẹ̀, mo sì ń rà á, ó dùn. Àmọ́ al pastor kọ́ ni. Àwọn ará Lẹ́bánọ́nì tó ṣí lọ sí Mẹ́síkò ló gbé ọgbọ́n sísun ẹran lórí ọ̀pá irin tó dúró lóòró débẹ̀, táàkò tí wọ́n ń pè ní árabe sì ti wà ní ìlú Puebla níbẹ̀ láti àwọn ọdún 1930. Ẹ̀yìn náà ni wọ́n fi ẹran ẹlẹ́dẹ̀ ṣe tiwọn dípò ti àgùntàn, wọ́n fi ata gbígbẹ àti achiote, irúgbìn pupa kan, rẹ ẹ́ títí ó fi pọ́n, wọ́n sì ń fi ọ̀pẹ̀ òyìnbó dé e lórí. Ẹran náà á máa yí níwájú iná, ọ̀bẹ á máa rẹ́ etí ẹ̀ tó ti jóná díẹ̀ sínú tọtíyà. Tiyín, inú páànù ni wọ́n ti ń dín in. Kò burú, ẹ kàn pè é ní ẹran ẹlẹ́dẹ̀ díndín pẹ̀lú ọ̀pẹ̀ òyìnbó. Àwa tí à ń jẹ ẹ́ kò ní sá lọ, ẹni tó sì mọ al pastor tẹ́lẹ̀ kò ní pè yín ní onírẹ́jẹ.

Àwọn ọbẹ̀ ata yín ńkọ́? Ike mẹ́ta ló wà lórí kántà, kò sí àkọlé lára ìkankan. Nígbà tí ènìyàn wà níbẹ̀, wọ́n máa ń kìlọ̀ fún wa pé èyí aláwọ̀ ọsàn kì í ṣe ti ọmọdé. Ìyá kan bù ú sórí táàkò ọmọ ẹ̀ níwájú mi, bóyá àwọ̀ ẹ̀ ló tàn án. Ọmọ náà jẹ ẹ́ lẹ́ẹ̀kan, ojú ẹ̀ pọ́n, ó ké, imú ẹ̀ ń ṣomi. Òṣìṣẹ́ yín sáré bu omi yìnyín wá. Ọmọ náà mu ún, ó tún ké sí i. Ata jalapeño kì í ju 8,000 lọ lórí òṣùwọ̀n Scoville, èyí tí wọ́n fi ń wọn bí ata ṣe ń ta tó. Ata habanero lè bẹ̀rẹ̀ láti 100,000, kó lọ sókè ju ìlọ́po mẹ́ta ìyẹn lọ. Capsaicin, èròjà inú ata tó ń ta èèyàn lẹ́nu, kì í yòrò nínú omi, ṣe lomi ń gbé e kiri gbogbo ẹnu. Wàrà ló ń gbá a mú, ẹ sì ní ọ̀rá wàrà kíkan nínú fíríìjì, kò ju ìgbésẹ̀ mélòó kan lọ síbi tí ọmọ yẹn ti ń sunkún. Ẹ kọ́ àwọn ọmọ iṣẹ́ yín, kí ẹ sì kọ orúkọ ata sára ike.

Ti ewé coriander, n kò ní sọ púpọ̀. Àwọn kan wà tó jẹ́ pé bí wọ́n ṣe dá wọn, bí ọṣẹ ló ń rí lẹ́nu wọn, àwọn onímọ̀ sì ti rí i pé ó jọ mọ́ apilẹ̀ àbùdá tó ń bójú tó ìgbóòórùn. Ẹ bèèrè kí ẹ tó wọ́n ọn, ó parí.

Èyí tí kò ṣeé fi ṣeré ni ti àwọn tí oúnjẹ lè pa lára. Ẹ kọ “kò ní gluten” sára táàkò àgbàdo. Òótọ́ ni pé àgbàdo kò ní in. Ṣùgbọ́n orí irin kan náà ni ẹ ti ń gbóná ti àlìkámà, ìbọ̀wọ́ rọ́bà kan náà ni wọ́n fi ń mú méjèèjì, mo sì ti gbọ́ tí oníbàárà kan bèèrè, tí wọ́n dá a lóhùn pé kò sí wàhálà. Fún ẹni tó ní celiac, àrùn tí gluten fi ń pa ìfun èèyàn lára, ẹ̀rún kékeré tó ṣẹ́kù sórí irin tó láti da inú ẹ̀ rú. Bí ẹ kò bá lè ya irin sọ́tọ̀, ẹ pa àkọlé yẹn rẹ́.

Àti ẹ̀wà. Ọ̀rá ẹlẹ́dẹ̀ ni wọ́n fi ń din ẹ̀wà lílọ̀ yẹn láti ìbẹ̀rẹ̀ pẹ̀pẹ̀ ní Mẹ́síkò, bó sì ṣe wà lọ́dọ̀ yín náà nìyẹn. Mo bèèrè, wọ́n sì sọ òótọ́ fún mi. N kò lòdì sí i. Ṣùgbọ́n abẹ́ “oúnjẹ tí kò ní ẹran” ni ẹ tò ó sí lójú ẹ̀rọ yín. Mùsùlùmí ń jẹ níbẹ̀, àwọn Júù tó ń pa òfin oúnjẹ wọn mọ́ ń kọjá níbẹ̀, àwọn tí kì í fi ẹran kan ẹnu ń tò síbẹ̀ pẹ̀lú ọkàn tó balẹ̀ pé ẹ ti bá wọn wò ó. Irin lè gba oṣù kan kó tó padà síwájú, ògiri lè gbà jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ti ẹ̀wà kò gbà ju kí ẹnì kan jókòó sídìí kọ̀ǹpútà kó yọ ọ́ kúrò níbi tí ẹ tò ó sí, tàbí kí ẹ máa fi òróró ewébẹ̀ din ín. Ẹ jọ̀ọ́, òun ni kí ẹ kọ́kọ́ ṣe.

Èmi ni,
Oníbàárà yín.